Ọkùnrin Tí Ẹ̀rọ Kà Sí Ilẹ̀

Kẹ̀rẹ̀, pà.

Ìró tí kámẹ́rà bàbá rẹ̀ máa ń ṣe nìyẹn ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn. Kẹ̀rẹ̀, nígbà tó bá ń fa irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Pà, nígbà tí ojú rẹ̀ bá là tó tún pa dé. Láàárín ìró méjèèjì, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ mí. Ṣówándé ti gbàgbé bí ohùn ìyá rẹ̀ ṣe rí, ó ti gbàgbé orin tí wọ́n ń kọ wọ kíláàsì, ṣùgbọ́n ìró yìí kò kúrò létí rẹ̀ rí. Ó bá a dé ìlú òtútù tó ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó tún bá a padà wá sí Agbódò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó sẹ́yìn odi òkun, níbi tí kámẹ́rà kò ti tóbi ju ẹ̀wà kan lọ, tí wọ́n ń dè é mọ́ òrùka, tí kì í sì í dún.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ìró náà ń lù ú ní àyà, nítorí obìnrin kan wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú tábìlì rẹ̀, kò sì gbà láti dìde.

"Ọmọ mi, ilẹ̀ yẹn tutù."

"Ẹ jẹ́ kó tutù, Bàbá. Bí ẹ ò bá dá mi lóhùn, ibí ni wọ́n á ti wá gbé mi."

Títíladé ni obìnrin náà ń jẹ́. Akinfọlárìn, ọkọ rẹ̀, wà lára àwọn tó ń ṣọ́ ìlẹ̀kùn omi lára odi. Ogójì ọjọ́ ti pé báyìí tí Ìlẹ̀kùn Kẹrin ṣí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí òkun wọ Ìsàlẹ̀-Odi, tó sì gbé ènìyàn mẹ́rin lọ. Kọ́kọ́rọ́ méjì péré ni ìlẹ̀kùn náà ní. Ẹni tó mú ọ̀kan wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Akinfọlárìn ló mú èkejì. Ó ní àpò òun ni kọ́kọ́rọ́ wà, ó ní ìlẹ̀kùn yẹn ti ń jẹrà tipẹ́, gbogbo wọn ló sì mọ̀. Ilé-Ẹjọ́ Odi yóò jókòó ní aago méjì ọ̀sán. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, wọ́n á mú un kọjá odi, lọ sí ìhà ibi tí òkun wà, fún ogún ọdún. Kò tíì sí ẹni tó lo ogún ọdún níbẹ̀ tó padà wá.

Bí obìnrin náà ti ń sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ò dúró lórí dígí tábìlì Ṣówándé. Àwòrán kan wọlé: ọmọdé kan ń jẹ àgbàdo lẹ́nu ọ̀nà, èèyàn méje ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn hàn ketekete, títí kan irun imú ẹni tó kángun. Ká tó ṣẹ́jú, àwọn méje náà yọ́ di kùrukùru. Àtùpà òpópónà wú, ó di ìmọ́lẹ̀ róbótó bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n. Ọmọ àti àgbàdo rẹ̀ nìkan ló kù tó hàn. Nísàlẹ̀, ẹ̀rọ kọ ọ́ pé: *Ènìyàn: mẹ́jọ. Ẹni tó fọwọ́ sí i: ọ̀kan. A ti bo méje.* Ṣówándé fi ìka kàn án, àwòrán náà sì lọ sọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ẹ̀rọ náà, tí òfin ní kó máa bo ẹnikẹ́ni tí kò bá fọwọ́ sí àwòrán, ni wọ́n ń pè ní Olùbò. Ṣówándé ló kọ́ ọ níṣẹ́, òun ló kọ́ ọ ní ohun tó sún mọ́ àti ohun tó jìnnà, ó kọ́ ọ bó ṣe máa mọ ènìyàn yàtọ̀ sí igi. Orúkọ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn Ilé-Iṣẹ́ Ẹ̀yìn-Àwòrán, lẹ́tà rẹ̀ gùn tó apá.

Títíladé ní ọkọ òun kò sí nítòsí Ìlẹ̀kùn Kẹrin lásìkò náà. Ó lọ kí Bàbá Fádípẹ̀, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ odi, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọkàn tuntun sí láyà, tí wọ́n sì gbé e padà wálé. Láti ilé bàbá náà dé Ìlẹ̀kùn Kẹrin, wákàtí kan ni lójú omi. Ọmọ-ọmọ bàbá ya àwòrán rẹ̀ lórí àga ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìlẹ̀kùn ṣí ní ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn náà. Bàbá Fádípẹ̀ fúnra rẹ̀ ì bá jẹ́rìí, ṣùgbọ́n ọkàn tuntun náà kò bá a dé ọ̀sẹ̀ kejì.

Ilé-ẹjọ́ ti bi Olùbò léèrè. Olùbò ní ènìyàn mẹ́fà ló wà nínú àwòrán ilé Fádípẹ̀, ó sì fi orúkọ wọn ránṣẹ́ ní ìdákọ́ńkọ́. Akinfọlárìn kò sí níbẹ̀. Àwọn adájọ́ kò wo àwòrán náà rárá. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti ń ka àwòrán fún wọn, ta ló tún ń wò ó? Wọn kì í sì í gba ẹ̀rí ẹnu tó bá ta ko ìwé Olùbò.

Títíladé ní òun lọ bá ọmọbìnrin tó ya àwòrán náà. "Ó ní àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde, òun ò mọ̀ wọ́n. Ó ṣáà ní ẹnìkan dọ̀bálẹ̀ fún bàbá bí òun ti ń yà á lọ́wọ́. Òun ò wo ojú ẹ̀, ojú bàbá lòun ń wò."

Ọwọ́ Ṣówándé dúró lórí dígí.

"Ẹnìkan ṣe kí ni?"

"Ó dọ̀bálẹ̀, Bàbá."

Ó ní kó jọ̀ọ́, kó lọ jókòó sí ìta díẹ̀. Ohùn tó fi sọ ọ́ ló mú un dìde, kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà.

Ó wá àwòrán náà jáde. Bàbá Fádípẹ̀ wà lórí àga, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jí nǹkan kó. Lẹ́yìn rẹ̀, kùrukùru márùn-ún tó jẹ́ èèyàn, àti fèrèsé kan tí àtùpà rẹ̀ ti di róbótó mẹ́ta. Ṣówándé kò fẹ́ràn àwọn róbótó wọ̀nyẹn mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ òun ló ṣe wọ́n. Kámẹ́rà bàbá rẹ̀, tí awò rẹ̀ tó ẹnu ife, máa ń fúnra rẹ̀ sọ ẹ̀yìn di kùrukùru, ìmọ́lẹ̀ tó bá sì wà létí àwòrán máa ń fẹ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí ojú ológbò. Kò sí èyí tó jọ èkejì. Ṣùgbọ́n ojú-òrùka kéré. Ohun tó bá kéré tó bẹ́ẹ̀ máa ń rí ohun gbogbo kedere, tòsí àti ọ̀nà jíjìn, kò lè ṣíjú kúrò lára ohunkóhun. Ẹ̀rọ ló ń kun kùrukùru lé e lẹ́yìn náà, gbogbo róbótó rẹ̀ sì dọ́gba bí òògùn inú páálí.

Ó wo ìsàlẹ̀ àwòrán. Lápá ọ̀tún àga, lórí ilẹ̀, ó rí ṣòkòtò aláwọ̀ ilẹ̀ kan láti orúnkún sísàlẹ̀, àga bo ìyókù, ó sì rí àtẹ́lẹsẹ̀ méjì tó dojú kọ kámẹ́rà. Wọ́n hàn gbangba, nítorí ilẹ̀ tó wà lẹ́bàá àga ni wọ́n wà, Olùbò kì í sì í bo ilẹ̀ tó bá sún mọ́ ẹni tí à ń yà. Ó fi ìka kan àtẹ́lẹsẹ̀ náà kí ẹ̀rọ sọ ohun tó rí.

*Ilẹ̀*, ni ẹ̀rọ kọ.

Ṣówándé ti rí ọ̀rọ̀ yìí rí.

Ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn ni, lọ́jọ́ ọdún tuntun. Àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ wá kí i, wọ́n tò sílẹ̀ bí ẹja lórí àtẹ, ó sì fi òrùka yà wọ́n. Olùbò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́n nígbà náà. Ẹ̀rọ náà kọ *ilẹ̀* sí ẹ̀yìn ọmọkùnrin mẹ́ta. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀rín ló wá yé e. Ìlú òtútù ló ti kó àwòrán tó fi kọ́ ẹ̀rọ jọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Níbẹ̀, ènìyàn máa ń dúró, ó máa ń jókòó, ó máa ń sáré. Ẹni tó bá dojú bolẹ̀, olóògbé ni tàbí ọ̀mùtí. Òun Ṣówándé, tí wọ́n bí sínú ilé tí wọn kì í ti í kí àgbà lóòró, ló wo gbogbo àwòrán wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kò sì rántí pé ohun kan kù. Bí èèyàn bá pẹ́ lájò, a máa gbàgbé ohun tí ara rẹ̀ kò gbàgbé.

Ó ní òun máa tún un ṣe. Ọjọ́ kejì ni àwọn àgbà odi fẹ́ wá wo ẹ̀rọ náà, ó ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sára ilẹ̀kùn. Ní oṣù kejì, ilé-ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé Olùbò dá ẹjọ́. Ta ló fẹ́ wá sọ pé ẹ̀rọ tí ìlú gbára lé kò dá ẹni tó ń kí bàbá rẹ̀ mọ̀?

Aago mọ́kànlá ti lù. Ojúlówó àwòrán, èyí tí Olùbò kò tíì bo ibì kankan níbẹ̀, kì í ju ogójì ọjọ́ lọ kó tó yọ́. Ti ilé Fádípẹ̀ yóò yọ́ ní ọ̀sán gangan ọjọ́ náà. Àtàǹpàkò ènìyàn mẹ́ta péré ló lè ṣí i, tirẹ̀ sì wà lára wọn. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ojúlówó máa ń gba èémí mẹ́ta ṣáájú àwòrán àti èémí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Ní èémí kìn-ín-ní, ọkùnrin gíga kan wọlé, ojú rẹ̀ hàn bí ọ̀sán. Akinfọlárìn ni. Ó bọ́ bàtà. Ní èémí kejì, ó ti ń lọ sílẹ̀. Inú Ṣówándé dùn débi pé ó lu tábìlì.

Lẹ́yìn náà ló rí obìnrin tó wà lábẹ́ fèrèsé. Ó ń fọ abọ́. Gèlè rẹ̀ yẹ̀, àpá iná kan sì hàn láti ìdí etí rẹ̀ dé èjìká. Nínú ìwé Olùbò, àmì pupa wà lára orúkọ rẹ̀. Àwọn adájọ́ ló máa ń fi àmì pupa fún ẹni tí ẹnìkan ń dọdẹ rẹ̀, tí onítọ̀hún yóò sì pa á bó bá rí i.

Ojúlówó tí wọ́n bá mú wá sílé-ẹjọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé e, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bo ibì kan níbẹ̀, kó má baà dà bíi pé wọ́n ti fọwọ́ kàn án. Gbogbo ògiri ìta nílùú ló sì máa ń fi í hàn.

Ibẹ̀ ni Ọ̀gá Jọkẹ́ bá a. Òun ni olórí ilé-iṣẹ́, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì, aláwàdà. Ó ní, "Bàbá, ẹ tún ń yọjú wo ẹ̀yìn olówó," ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú àgbàlagbà náà, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ṣówándé sọ ohun tó wà lórí dígí fún un, ó fi ọ̀ràn ọdún méjìdínlógún pamọ́. Jọkẹ́ fà mọ́ ojúlówó. Ó ní ohun tó dájú ni. Wọ́n á tètè kó obìnrin alámì pupa náà lọ síbòmíràn kí ilé-ẹjọ́ tó jókòó. Ṣówándé bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ti kó o. Jọkẹ́ wo ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni. Ẹni tó ń wá a ti bá a lẹ́ẹ̀mejì, ìkejì ni ti iná.

"Ṣùgbọ́n Bàbá, bí a ò bá fi í ránṣẹ́, ọkùnrin yẹn á kọjá odi."

"Ọ̀nà kẹta wà."

"Èwo?"

Ṣówándé yíjú sí dígí. Ó mọ ọ̀nà náà láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìdọ̀bálẹ̀ ti jáde lẹ́nu Títíladé. Ohun tó ń ṣe láti ìgbà náà ni pé ó ń wá òmíràn. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ó ti rò pé orúkọ òun ni yóò kẹ́yìn òun sílé ayé.

Ó pe Títíladé wọlé. Ó bi í pé ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ńkọ́.

"Èwo nínú wọn, Bàbá? Èyí tó pé ni, àbí èyí tí ẹ̀wọ̀n ìlẹ̀kùn jẹ?"

"Ìka mélòó ló kù?"

"Mẹ́ta. Ẹsẹ̀ òsì ni. Mo máa ń fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́ pé ẹyẹ ni mo fẹ́."

Ṣówándé yí dígí sí Jọkẹ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ òsì, ìka mẹ́ta. Kì í ṣe ojúlówó ni Jọkẹ́ ń wò, àwòrán tí òfin ti bò ni, èyí tó ti wà lọ́wọ́ ilé-ẹjọ́ láti oṣù tó kọjá.

Jọkẹ́ ka ohun tí ẹ̀rọ kọ sábẹ́ rẹ̀. "Báwo ló ṣe máa pe ẹsẹ̀ ènìyàn ní ilẹ̀?"

Ṣówándé bọ́ bàtà rẹ̀. Ó ní kí Títíladé lọ jókòó sórí àga òun, àga onítìmùtìmù tí ìlú fi ta á lọ́rẹ. Obìnrin náà lọ jókòó sí etí rẹ̀, bí ẹni jókòó sí etí kànga. Ó ní kí Jọkẹ́ gbé òrùka sókè. Lẹ́yìn náà, ó di àga mú pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó fi orúnkún kan ilẹ̀, èkejì, eegun rẹ̀ ń ké ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì nà gbalaja níwájú ọmọbìnrin tí òun lè bí ìyá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dìde." Títíladé ti fẹ́ fò kúrò lórí àga. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí gba èpè."

"Jókòó. Ọ̀gá, ẹ yà á."

Òrùka kò dún. Ṣùgbọ́n bí iwájú orí rẹ̀ ti kan táìsì, Ṣówándé gbọ́ ọ: kẹ̀rẹ̀, pà. Ó rántí pé bí oníbàárà bá mú ọmọ wá láti dọ̀bálẹ̀ fún òbí nínú àwòrán, bàbá òun máa ń ká ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kámẹ́rà kò, á dùbúlẹ̀ fi àyà lélẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, kó lè rí ojú ọmọ náà. Ìyá òun á máa kùn nítorí aṣọ. Bàbá òun á ní, "Ẹni tó bá lọ sílẹ̀, ìsàlẹ̀ là ń bá a."

Ẹ̀rọ kọ ohun tó rí sórí dígí. Títíladé ló kà á, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "*Ènìyàn: ọ̀kan. Ohun mìíràn: àga, ilẹ̀.*" Ó wo àgbàlagbà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Ó ní ilẹ̀ ni yín, Bàbá."

"Bó ṣe ní ilẹ̀ lọkọ rẹ."

Jọkẹ́ ràn án lọ́wọ́ dìde. Ọwọ́ Títíladé wà lórí itan rẹ̀, kò nà án sí i.

"Ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Ọdún méjìdínlógún."

Kò bú u. Ì bá dùn mọ́ ọn bó bá bú u. Ó kàn sọ pé ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ọkọ òun ti ń sùn lórí sìmẹ́ǹtì, pé lálaalẹ́ ni òun ń bẹ Ọlọ́run kí ẹ̀rọ yẹn rántí.

Jọkẹ́ ti ilẹ̀kùn. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó sì ń yára. Ó ní gbogbo ẹjọ́ tí wọ́n ti fi Olùbò dá ni wọ́n á tún tú, pé wọ́n á yọ orúkọ Bàbá lára ilẹ̀kùn, pé ó sì lè jẹ́ Bàbá fúnra rẹ̀ ni yóò kọjá odi. Lẹ́yìn náà, ó sọ èyí tó ń bà á lẹ́rù jù:

"Bí wọn ò bá gbà yín gbọ́ ńkọ́? Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló kù kí ojúlówó yọ́. Ẹ jẹ́ ká dì í mú, ká ní i lápò."

"Bó bá wà lápò wa, wọ́n á bèèrè rẹ̀. Wọ́n á sì fi í hàn."

Jọkẹ́ yíjú sí Títíladé. Ojúlówó náà ṣì wà lórí dígí: ọkọ rẹ̀ tó ń bọ́ bàtà, ojú rẹ̀ hàn gbangba, obìnrin tó ń fọ abọ́. Ṣówándé sọ ìtàn àpá náà fún un, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Ó ní òun kò ní ṣe é láìjẹ́ pé ó gbọ́.

Títíladé wo ojú ọkọ rẹ̀ títí. Ó fi ìka kàn án lórí dígí bí ẹni ń nu nǹkan kúrò níbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Ìka mẹ́ta yẹn, ṣé wọ́n á rí i?"

"Bí wọ́n bá fi ojú ara wọn wò ó, wọ́n á rí i."

"Ẹ jẹ́ kó yọ́," ni ó wí, ó sì yíjú sí ògiri.

Ọ̀sán gangan, ojúlówó náà funfun láti etí wọ àárín, ó sì tán. Àwòrán tí wọ́n ti bò nìkan ló kù: ẹ̀rín àgbàlagbà, kùrukùru márùn-ún, róbótó mẹ́ta, ẹsẹ̀ méjì.

Ṣówándé jókòó láti kọ̀wé sí ilé-ẹjọ́. Ìwé àkọ́kọ́ sọ pé àṣìṣe kékeré kan lè ti wáyé. Ó pa á rẹ́. Èkejì sọ pé àwòrán tí wọ́n kó wá láti òkè òkun ló fa á. Òtítọ́ ni, ó sì pa òun náà rẹ́. Títíladé dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń kà á. Ìwé kẹta ló tẹ̀ ránṣẹ́ ní aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ta:

*Ẹ̀yin àgbà Ilé-Ẹjọ́ Odi, èmi Adéṣíyan Ṣówándé ni mo kọ́ Olùbò níṣẹ́. N kò kọ́ ọ ní ìdọ̀bálẹ̀. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀, ilẹ̀ ló ń kà á sí. Láti ọdún méjìdínlógún ni mo ti mọ̀, mo sì dákẹ́ nítorí orúkọ mi. Ẹ̀rọ ò jẹ̀bi, Akinfọlárìn náà ò jẹ̀bi. Ẹ mú àwòrán ilé Fádípẹ̀ tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ wo apá ọ̀tún àga, nísàlẹ̀, ẹ ka ìka ẹsẹ̀ òsì, kí ẹ tó wá ka ti ọkùnrin tó wà níwájú yín. Mo fi àwòrán tèmi náà sí i, ẹ bi ẹ̀rọ bóyá mo wà níbẹ̀. Mo ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Bí mo bá wọlé, màá dọ̀bálẹ̀; ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnìkan fi ojú ara rẹ̀ wò mí.*